Rukma Ló Ń Kọ́kọ́ Mu

Kí Sugni tó lè fẹnu kan tíì rẹ̀, òkú ní láti kọ́kọ́ mu.

Ó ti ìka kan bọ inú ife amọ̀ náà, tíì jó o lọ́wọ́, ó gbé ìka náà wọ abẹ́ ìborí rẹ̀, ó sì kán ẹ̀kán kan sórí fàdákà tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Rukma, gbà, mu," ló wí nínú ikùn. Ìgbà yẹn ló tó gbé ife sẹ́nu. Tíì náà dùn, wọ́n fi atalẹ̀ sí i dáadáa, ṣùgbọ́n Sugni kò gbádùn rẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ti délé ọkọ, kò tíì mu ohun kan rí tí ẹlòmíì kò kọ́kọ́ tọ́ wò.

Etí ọ̀nà ni wọ́n wà, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Bọ́ọ̀sì tó kó èèyàn mẹ́rìndínlógójì láti àdúgbò wọn ní Marwar, ní ilẹ̀ India, ti rìn títí ilẹ̀ fi mọ́, ó sì ku bíi wákàtí kan kí wọ́n dé Haridwar. Wọ́n á wẹ̀ nínú odò Ganga níbẹ̀, wọ́n á kí òrìṣà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò gun òkè lọ sí Lansdowne, ìlú kékeré kan tí wọ́n ní èèyàn lè gbọ́ èémí ara rẹ̀ níbẹ̀. Alásè wọn ti gbé àdògán kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń din púrì, àkàrà ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tó ń wú nínú òróró. Àwọn ọkùnrin ń rún orín káàkiri. Àwọn obìnrin tó wọ inú oko ìrèké lọ tura ń padà bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìrì ti rin etí aṣọ wọn.

"Ìyá Jitu!" Dhapu ló pariwo pe Sugni láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Opó arúgbó ni Dhapu, ó ti bá irú ọkọ̀ yìí lọ ibi mímọ́ lẹ́ẹ̀meje, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. "O tún ti fún ìyálé rẹ ní tíì? Ṣé kò wá fẹ́ púrì ni?"

"Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

"Kí n fi ọ́ sílẹ̀ kẹ̀? Láti ilé lẹ̀yin méjèèjì ti jókòó lé ìjókòó kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò ríbi na ẹsẹ̀ sí!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Sugni náà fi díẹ̀ kún un, kí wọ́n má baà ní ó ń fajú ro. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n mú un wọlé ọkọ ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti so fàdákà náà mọ́ ọn lọ́rùn, kó tó gbé ẹsẹ̀ ré ẹnu ọ̀nà kọjá. Fàdákà pẹlẹbẹ ni, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, wọ́n gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kékeré méjì sí i lára. "Ìyálé rẹ nìyí," ni ìyá náà wí. "Rukma lorúkọ rẹ̀. Oṣù márùn-ún ló lò nílé yìí kí ibà tó pa á. Ohunkóhun tó bá máa kàn ọ́, òun ni kó kọ́kọ́ kàn. Aṣọ tuntun, fi kàn án kó o tó wọ̀ ọ́. Oúnjẹ, fún un kó o tó jẹ. Tó bá bínú sí ọ, ọmọ ọlọ́mọ ni wàá máa wò kiri." Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọge tí kò tíì rí ojú ọkọ rẹ̀ dáadáa, wọ́n ti gbé orogún kọ́ ọ lọ́rùn.

Orogún tó wà láàyè ṣì dára. Èèyàn lè bá a jà. Èèyàn lè rí i lọ́jọ́ tí ọbẹ̀ rẹ̀ jóná, èèyàn lè jókòó ti ògiri kó máa wo irun rẹ̀ bó ṣe ń funfun. Rukma kì í darúgbó. Ọbẹ̀ Rukma kì í jóná. "Rukma kì í ju iyọ̀ sí nǹkan báyìí," ni ìyá ọkọ máa ń wí nínú ilé ìdáná. "Rukma á ti lọ ọkà tán kí ẹnikẹ́ni tó jí." Kò sẹ́ni tó ní àwòrán rẹ̀, nítorí náà Sugni fúnra rẹ̀ ló ya ọ̀kan sọ́kàn, ó sì fún un ní gbogbo ohun tí òun kò ní: ọrùn gígùn, eyín funfun, ohùn tó ń wọni lára. Nígbà tó bí Jitu, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wọ́n gbé ọmọ náà kan fàdákà kí wọ́n tó gbé e fún òun tó rọbí.

Gbogbo ìyẹn ì bá ṣeé gbé mì bí kì í bá ṣe ti Pukhraj, ọkọ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Pukhraj. Kò lu obìnrin rí, kì í mutí, bí Sugni bá ń ṣàìsàn á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wúkọ́ kó lè mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti mẹ́nu ba ìyàwó àkọ́kọ́, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu, á dìde, á lọ wo màlúù. Níwájú rẹ̀, ìyá rẹ̀ pàápàá kì í dárúkọ òkú náà, "ẹni tó lọ" ló máa ń pè é. Inú ilé ìdáná nìkan, láàárín obìnrin, ló ti ń jẹ́ Rukma. Sugni náà kò sì pè é sókè rí níwájú ọkọ. Ojúṣe rẹ̀ ni kó máa sọ ọ́ sínú ní gbogbo ìgbà tó bá jẹun.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sugni ti bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn lọ wẹ̀ ní Haridwar, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ní ó dọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Pukhraj alára lọ síbẹ̀ rí, nígbà tó gbé egungun tí iná jó kù lára òkú Rukma lọ fún odò. Kí ni Sugni ì bá rò? Ohun tí obìnrin èyíkéyìí máa rò ló rò. Ó gbà pé ìfẹ́ ni. Ó gbà pé ọkùnrin náà kò fẹ́ kí obìnrin mìíràn fẹsẹ̀ tẹ ibi tí òun ti sunkún sin ẹni òun. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ń jẹ àjẹkù ọkàn ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ló rí lójú rẹ̀, owú náà kò sì fún un nísinmi lọ́jọ́ kan. Lọ́dún yìí, Jitu kàn gba ìjókòó méjì fún wọn nínú ọkọ̀ láìbi bàbá rẹ̀ léèrè. Pukhraj wo ìwé ọkọ̀ náà títí, ó dìde, ó lọ wo màlúù.

Ohun méjì ni Sugni bá wá. Gbogbo ìdílé ló ní àlùfáà tirẹ̀ ní Haridwar, tó ń tọ́jú ìwé ìran wọn láti ayé baba ńlá wọn. Ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó kú, ẹni tó gbé ìyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, á padà sétí odò, á já okùn ọrùn rẹ̀, á ju Rukma sínú omi, kó máa bá egungun rẹ̀ lọ. Kì í ṣe kí wọ́n tó kọ ọ́ o. Ó fẹ́ kí Rukma wà níbẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Omi Ganga tutù débi pé àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ kígbe. Wọ́n di ẹ̀wọ̀n irin tó wà létí àtẹ̀gùn mú, nítorí omi náà ń sáré, wọ́n sì ń rì bọmi lẹ́ẹ̀mẹtamẹ́ta. Sugni rì bọmi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó rì bọmi lẹ́ẹ̀kejì, ó nímọ̀lára okùn náà lọ́rùn rẹ̀. Omi ń fa fàdákà náà síwájú, ó ń fà á bí ọmọ tó rí ojúgbà rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Sugni sáré gbá a mú.

"Dúró ná, ìwọ," ló wí láàárín eyín. "Wàá lọ. Jẹ́ ká kọ́kọ́ kàwé."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Dhapu béèrè. Omi ń kán nímú rẹ̀.

"Àdúrà ni mò ń gbà, Màmá."

"Àdúrà wo nìyẹn tí o fi ń lọ eyín?"

Sugni rì bọmi lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀wọ̀n mú, ó fi èkejì di orogún rẹ̀ mú.

Yàrá àlùfáà wọn tóóró, ó wà lókè àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn àwọn tó ń ta òdòdó. Ọkùnrin tó sanra ni, awò ojú rẹ̀ nípọn, ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ìwé gígùn tí wọ́n fi aṣọ pupa wé, tí wọ́n tò jọ títí kan àjà. Pukhraj jókòó níwájú rẹ̀. Sugni jókòó díẹ̀ sẹ́yìn ọkọ, ó fa ìborí wá síwájú orí. Dhapu, tí kò sẹ́ni tó pè é, tẹ̀ lé wọn wọlé, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń jẹ kànáfùrù.

"Abúlé wo? Ìran wo? Ta ni baba baba yín?" àlùfáà béèrè. Pukhraj dáhùn. Ọkùnrin náà fa ìwé kan yọ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó tú aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ó ka baba ńlá kan tó gun ràkúnmí wá, tó lo oṣù méjì lọ́nà. Ó ka ọ̀kan tó bí ọmọkùnrin mẹ́sàn-án tí méjì ṣẹ́kù. Ó ka Hastimal, bàbá Pukhraj, tó wá fún ayẹyẹ lọ́dún tí ọ̀dá dá nílùú. Inú yàrá náà tutù, aṣọ Sugni ṣì tutù lára rẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn ń ṣàn sí ẹ̀yìn ọrùn Pukhraj. Sugni rí i. Wò ó, ló rò, wò ó bó ṣe ń làágùn nítorí ojú ewé tó kàn.

"Èyí rèé," ni àlùfáà wí. "Ọwọ́ bàbá mi ló kọ ọ́. 'Pukhraj, ọmọ Hastimal, gbé egungun ìyàwó rẹ̀ wá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ibà. Ọmọ Bhairaram, ará Kuchera.'" Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. "Bàbá mi fi àlàfo sílẹ̀ níbí o. Kò sí orúkọ. Ó kọ nǹkan kékeré kan sétí ìwé, ó ní: 'Ọkọ yóò bi ìyá rẹ̀, yóò padà wá sọ.'" Ó gbójú sókè. "Ẹ ò padà wá."

Pukhraj tẹjú mọ́ ẹní.

"Ó dáa náà, ẹ ti dé báyìí. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Sugni di etí ìborí rẹ̀ mú gírígírí. Ìṣẹ́jú yìí ló ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tó ti di ìyàwó. Ó ti gbọ́ ọ lọ́kàn ní ìgbà tí kò lóǹkà, bí orúkọ yẹn ṣe máa jáde lẹ́nu ọkọ rẹ̀: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn á há díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, ojú á sì pọ́n. Ó ti pèsè ojú tirẹ̀ sílẹ̀ kó má baà hàn.

Pukhraj la ẹnu, ó pa á dé. "Ọmọ Bhairaram ni," ló wí.

"Ìyẹn ti wà níbí."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbẹ́ kànga. Ọkùnrin gíga kan báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ni mò ń béèrè, ọ̀gbẹ́ni."

"Ìyàwó la máa ń pè é," Pukhraj wí, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. "Ìyá mi, gbogbo ilé. Ìyàwó." Lẹ́yìn náà ó yíjú sẹ́yìn díẹ̀, kò wo ojú Sugni tán, ohùn tó sì fi sọ̀rọ̀ ni ohùn tó máa ń fi wá awò ojú rẹ̀ láràárọ̀. "Ìyá Jitu, kí lorúkọ ẹ̀ ná?"

Dhapu ṣíwọ́ jíjẹ kànáfùrù. Ẹnu tí kì í sinmi, ó sinmi.

Háà. Ṣé èyí ni? Ṣé ohun tó ń gbé Pukhraj dìde lọ wo màlúù láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nìyí? Kò sí ìfẹ́ kankan nínú dídákẹ́ rẹ̀. Ìtìjú ni. Ọkùnrin náà kò mọ orúkọ, ojú tì í láti béèrè, ó sì fi ìtìjú náà ṣe ilé gbé. Sugni, tó ti jowú títí ara rẹ̀ fi gbẹ, tó ti fi orogún rẹ̀ wé ara rẹ̀ nínú dígí ní gbogbo ọdún ayé rẹ̀, àlàfo tí kò gùn ju ìka méjì lọ nínú ìwé ló ń bá jìjàdù.

Ohun mìíràn wá sọ sí i lọ́kàn, ó sì mú un gbọ̀n. Ìyá ọkọ ti kú. Bhairaram ti kú. Dhapu pàápàá, 'ìyálé rẹ' nìkan ló mọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń gbẹ́ kànga, ta ló mọ ibi tó wọlẹ̀ sí? Nínú yàrá yìí, bóyá nínú gbogbo ayé, orí òun nìkan ni orúkọ náà kù sí. Kó kàn ní òun kò mọ̀, ó parí. Àlùfáà á kọ "ìyàwó" síbẹ̀, á ṣí ojú ewé tó kàn, orúkọ obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Pukhraj á jẹ́ ti òun. Òun á di àkọ́kọ́. Kò ní nílò odò mọ́.

"Mi ò..." ló bẹ̀rẹ̀.

Fàdákà náà ṣì ń kán omi Ganga sí i láyà, lábẹ́ aṣọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìwé ló wí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ iye ọdún rẹ̀ fún Sugni rí. Obìnrin gíga, àgbà, tó mọ gbogbo nǹkan ṣe, ló máa ń rí lójú ọkàn. Ìyàwó Jitu ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ṣì ń fa ìborí bojú sunkún bí ọbẹ̀ bá jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọdé ni ìyálé rẹ̀! Ọmọdé tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó, tó lo oṣù márùn-ún nílé onílé, tí ibà pa.

"Rukma," ni Sugni wí. Ó ya òun alára lẹ́nu bó ṣe dún tó, nítorí kò sọ ọ́ síta rí. "Rukma ni. Ẹ kọ ọ́ kó tóbi."

Àlùfáà ti kálàmù bọ tàdáwà. Kálàmù náà ń dún gèrè gèrè lórí ìwé. "Rukma," ló ń wí bó ṣe ń kọ ọ́. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e, ó sì tún wo Pukhraj, nítorí ọkùnrin ni wọ́n ń bi. "Ìyàwó tó wà níbí báyìí ńkọ́? Kí lorúkọ tirẹ̀?"

"Sugni," ni Sugni dá a lóhùn kí ọkọ rẹ̀ tó mí.

Kì í ṣe pé ara ló ń yá a. Ẹ̀rù ló bà á. Kò fẹ́ jókòó síbẹ̀ kó máa wò ó bóyá orúkọ òun máa yá ọkùnrin náà lẹ́nu tàbí kò ní yá a.

Kò padà sétí odò. Fèrè ọkọ̀ ti ń dún, wọ́n ń ka orí, ó bá àwọn yòókù wọlé, ó sì jókòó. Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í yí òkè po, àwọn obìnrin gbé orí jáde láti fèrèsé, wọ́n ń bì, awakọ̀ ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bì sára ilẹ̀kùn. Dhapu fún Sugni ní ọsàn wẹ́wẹ́ láti máa gbóòórùn.

"O ò jù ú sódò," ni Dhapu wí.

"Kí lẹ ní mo jù?"

"Má bá mi ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń lọ eyín nínú Ganga, mo mọ ohun tó ń rò." Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó iwájú, ó mí kanlẹ̀. "Ó tún ti gba ààyè lọ́wọ́ mi lónìí nìyẹn."

Sugni yí ojú sí fèrèsé. Pukhraj wà níwájú láàárín àwọn ọkùnrin, orí rẹ̀ tó ti pá ń mì bí ọkọ̀ ṣe ń mì. Ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta. Bí òun, Sugni, bá kú lọ́la, Pukhraj kò ní fẹ́ ìyàwó mìíràn mọ́, ta ló fẹ́ fún un? Kò ní sí obìnrin kankan tí wọ́n máa so òun mọ́ lọ́rùn. Jitu á gbé àwòrán òun kọ́ ògiri, ìyàwó rẹ̀ á máa nu eruku rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, títí wọ́n á fi tún ilé kùn. Kò sẹ́ni tó máa ti ìka bọ tíì gbígbóná nítorí òun. Àwọn tó wà láyé ò ní mọ̀ bóyá òùngbẹ ń gbẹ òun. Rukma ní Sugni. Ta ni Sugni ní?

Owú tún gbé e, ó gbé e ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, débi tó fi ní láti gbé ọsàn náà sí imú, kó mí sínú rẹ̀.

Ọ̀sán ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Lansdowne. Igi gíga tí ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́ ló kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè, ibẹ̀ sì dákẹ́ débi pé èèyàn mẹ́rìndínlógójì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wọ ilé aláìsàn. Dhapu nìkan ló ṣì ń pariwo. Ó ní òun kò rí ohun tí wọ́n ń wò, igi ni, igi sì wà nílé.

Sugni jókòó sórí ògiri kúkúrú kan tó kọjú sí àfonífojì. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Pukhraj ni, ife tíì méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé tíì wá fún un rí láyé. Ó gbé ọ̀kan fún un, ó jókòó, ó fi ààyè ẹnì kan sáàárín wọn.

"Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan," ló wí nígbà tó yá. "Lẹ́nu àlùfáà, lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìlù ń dún, mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Surat. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé ó ti kú. Báwo lèèyàn ṣe ń bi ìyá ẹ̀ pé kí lorúkọ ìyàwó mi tó kú? Ojú tì mí. Nígbà tó yá, ó wá pẹ́ jù."

"Ojú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ rántí ojú ẹ̀?"

Ó rò ó. "Ọwọ́ ẹ̀ ni mo rántí. Ó kun làálì."

Ọwọ́. Sugni wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ife náà, ọwọ́ tó ti lọ ọkà, tó ti fún wàrà ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó ti sán níbi gbogbo. Ó fẹ́ bi í léèrè nǹkan kan, ó gbé e mì. Ó ti ìka bọ tíì. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbé ìka náà wọ abẹ́ ìborí. Ó fa okùn ọrùn rẹ̀ jáde sí gbangba, níwájú ọkọ, ó sì kán ẹ̀kán náà sórí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì.

"Rukma, gbà, mu," ló wí sókè.

Pukhraj wo fàdákà náà bí ẹni pé kò rí i rí, bẹ́ẹ̀ ó ti bá a sùn ní ibùsùn kan náà láti ọjọ́ yìí wá. Ètè rẹ̀ mì. "Rukma," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohùn rẹ̀ há díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun.

Ó bọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí Sugni ṣe ti gbọ́ ọ lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ọkọ rẹ̀ ní orúkọ náà. Ó gún un láyà. Ó wo àfonífojì, ó ń wo àwọn igi náà láìrí wọn.

Ọkọ rẹ̀ wúkọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn ọkùnrin yòókù wà lọ́ọ̀ọ́kán níbi ọkọ̀, wọ́n ń bá alásè jiyàn lórí iyọ̀. Ó tẹrí ba sórí ife rẹ̀.

"Sugni," ló wí. "Tíì rẹ ti ń tutù."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Jitu ni, kí Jitu sì tó dé, "Ṣé o ń gbọ́" ni. Ara Sugni gbóná lábẹ́ ìborí bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé. Ó gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ ọn, ó sì tún mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Rukma ló kọ́kọ́ pè. Ó mu tíì náà gbẹ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ife kalẹ̀.

"Ẹ tún un pè," ló wí.

"Èwo?"

Sugni wolẹ̀. Fàdákà náà wà ní gbangba lórí àyà rẹ̀, kò tíì dá a padà sábẹ́ aṣọ.

"Méjèèjì," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe tèmi."